Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ìrìn ìgboro yẹn, èló ló wá yẹ ká fún amọ̀nà?

Màmá_Ìjàpò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn nílé wa láti ìjẹta, mo fẹ́ kí ẹni tó bá ti rìnrìn àjò dé òkè òkun là wá lọ́yẹ̀.

Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì (ọ̀kan ti pé ọdún 15, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 9) fẹ́ lọ kí àbúrò ọkọ mi ní ìlú Lisbon, ní Pọ́túgà. Lẹ́yìn ìyẹn a ó yà ní Berlin kí a tó padà sí Àkúrẹ́. Àbúrò ọkọ mi ti bá wa fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ohun tí wọ́n ń pè ní free walking tour ní ìlú méjèèjì. Amọ̀nà kan á kó bí ogún èèyàn jọ, wọ́n á jọ máa fẹsẹ̀ rìn kiri ìgboro fún nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀, á sì máa pìtàn ìlú fún wọn. Níbi tí wọ́n kọ iye owó sí, òdo ló wà níbẹ̀. Àfi ìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo rí i pé kí oníkálùkù fún amọ̀nà ní ohun tó bá tọ́ lójú rẹ̀.

Ọkọ mi ní òdo ni òdo ń jẹ́, pé bí wọ́n bá fẹ́ gbowó kí wọ́n sọ. Àbúrò rẹ̀ ní ká má dójú ti òun o, pé Yúrò 10 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kéré jù. Àwa mẹ́rin, Yúrò 40 nìyẹn, ní ìlú kan ṣoṣo! Bí owó ṣe ń lọ báyìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kéré sí. Owó oṣù odidi èèyàn, fún ìrìn ọ̀sán kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Ṣé wọ́n ń ka ọmọdé mọ́ ọn? Ṣé kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fún un ni àbí nígbà tó bá parí? Mi ò fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ.

---

Àbẹ̀kẹ́_Berlin

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò mà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Arákálè ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, Berlin ni mò ń gbé báyìí. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò ní gbowó lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa dá yín dúró bí ẹ bá lọ láì fún un ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀nà yẹn kò ní owó oṣù. Ohun tí àwọn tó tẹ̀ lé e bá fi sí i lọ́wọ́ nígbà tó bá parí, òun ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Berlin níbí wà lára ibi tí irú ìrìn yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, kó tó ràn káàkiri Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dá dúró fúnra wọn: àwọn fúnra wọn ló ń san owó orí, àwọn ló ń san owó ìtọ́jú ìlera tí òfin Jámánì ní kí olúkúlùkù ní. Bí òjò bá rọ̀ tí èèyàn mẹ́ta péré bá yọjú, àwọn mẹ́ta náà ni oúnjẹ ọjọ́ yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ò mọ̀ nìyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé amọ̀nà ló ń sanwó fún wọn lórí orí kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, bíi Yúrò 2 tàbí 3, nítorí pé orí ojú-òpó wọn ni àlejò ti rí i. Ẹ máa rí i pé kí ẹ tó gbéra, wọ́n á ní kí gbogbo yín sún mọ́ra kí wọ́n ya fọ́tò. Ẹ ó rò pé fún ìrántí ni. Lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kan, fọ́tò yẹn ni wọ́n fi ń ka orí. Bí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin bá wá rìn títí dé ìparí, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ, kì í ṣe pé amọ̀nà ṣiṣẹ́ lásán nìkan, ó tún ti inú àpò ara rẹ̀ sanwó kí wọ́n lè gbádùn.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, mo máa ń rí i bó ṣe ń kàwé. Ìwé kún orí tábìlì ìdáná rẹ̀. Ó máa ń mú àlejò dé òpópónà Wilhelmstraße, níbi tí àwọn aláṣẹ Yúróòpù ti ṣèpàdé láti ọdún 1884 wọ 1885 lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì fẹnu kò lórí ìlànà tí wọ́n á fi máa gba ilẹ̀ wa láàárín ara wọn. Ilé yẹn kò sí mọ́, pátákó ìrántí ló kù níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí kò bá ní amọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á kọjá lára pátákó yẹn bí ẹni kọjá lára òpó iná ni. Iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku iye. Ní Lisbon àti Berlin, Yúrò 10 sí 15 lórí àgbàlagbà kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fún wọn bí amọ̀nà bá mọṣẹ́. Ọmọ ọdún 9, ẹ má kà á. Ti ọlọ́dún 15, ìdajì ti tó. Nítorí náà ẹ ò dé Yúrò 40 rárá: 10, 10 àti 5, Yúrò 25 ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní 25 pẹ̀lú ọ̀yàyà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ ò ṣe dáadáa. Ìgbà tó bá parí ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀.

---

SọIyeRẹ̀

Mo ti ka ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ látòkè délẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá mọ iye tí iṣẹ́ òun tó, kó sọ ọ́. Bí mo bá wọ Ọjà Ọba tí mo bèèrè iṣu, ìyá oníṣu á sọ iye rẹ̀, èmi náà á dá iye tèmi, a ó ná an títí a ó fi gbà fún ara wa. Kò ní sọ pé kí n gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kó wá máa tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀ kó máa wo ọwọ́ mi. Bàbá ilé yẹn ló tọ̀nà. Òdo ni wọ́n kọ.

Ẹ sì wo irú àwa yìí. Kí ọmọ Nàìjíríà tó dé Lisbon, ó ti san owó físà tí wọn kì í dá padà bí wọn ò bá tiẹ̀ fún un, ó ti tẹ́ gbogbo ìwé báńkì rẹ̀ sílẹ̀ fún àjèjì láti kà, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wá débẹ̀ tán, ó tún ní láti máa méfò iye tó wà nínú ọkàn ẹlòmíràn. Ta ló tiẹ̀ gbé Yúrò 10 yẹn kalẹ̀? Òfin wo ló wà níbẹ̀?

---

Àbẹ̀kẹ́_Berlin

Kò sí òfin kankan níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí àwọn èèyàn fi ń wọ̀n ọ́n ni ìrìn ìgboro tí wọ́n dá iye lé. Ní ìlú wọ̀nyí kan náà, ó sábà máa ń tó Yúrò 15 sí 25 lórí ẹnì kan, ẹ ó sì ti san án kí ẹ tó kúrò nílé. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn ló tẹ́ yín lọ́rùn jù, ẹ lọ mú ìyẹn. Ó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi pamọ́. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni pé kí èèyàn mú èyí tí kò ní iye nítorí pé kò fẹ́ sanwó, kó wá sọ pé wọ́n tan òun.

---

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè

Ẹ kú ìjíròrò o. Mi ò tíì dé Yúróòpù rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ amọ̀nà ni mò ń ṣe ní Òkè Ìdànrè, ọ̀rọ̀ yìí sì wọ̀ mí lára.

Owó ìwọlé tí ẹ ń san lẹ́nu géètì, ti ìjọba ni, kì í wọ àpò mi. Èmi, ohun tí àlejò bá fún mi ni tèmi. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sáré gun ìpele àkọ́kọ́, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa ya fídíò. Bí wọ́n bá dé ibi ìsinmi kejì, ariwo á ti rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí mo mú màmá kan tó wá láti Ìbàdàn gòkè pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ níwájú. Màmá dúró síbi ìsinmi kẹta, ó di irin ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, ó ní òun ò lè lọ mọ́, kí n sọ fún wọn pé òun á dúró dè wọ́n. Mo gba báàgì rẹ̀ àti bàtà tó bọ́ sílẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń gbé lórí òkè yẹn, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n ń gbé òkú sin síbẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tó wà nísàlẹ̀ dó. Ó gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Àwọn aboyún náà ń gùn ún?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, pẹ̀lú omi lórí." Ó dìde. Díẹ̀díẹ̀ la fi dé òkè, ó rí ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, ó rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, ó sì ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta. Láti ọdún 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Bí mo bá sọ ìyẹn fún àlejò, inú wọn máa ń dùn, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀.

Nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ ni èèyàn máa ń mọ àlejò. Òmíràn á fún mi ní bọ́tìlì omi tó mu kù. Òmíràn á gba nọ́ńbà àkáǹtì mi, á ní òun á fi ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, títí di òní mi ò gbọ́ àlááàtì. Òmíràn á fẹ́ máa lẹ owó mọ́ mi níwájú orí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ya fídíò, bẹ́ẹ̀ òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti sọ pé kí a má ná náírà bẹ́ẹ̀. Màmá Ìbàdàn yẹn di owó mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi bọ̀ mí lọ́wọ́ níbi tó ti ń kí mi pé ó dàbọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí iye rẹ̀.

Kì í ṣe owó kékeré ló ń dun amọ̀nà. Ohun tó ń dùn wá ni kí èèyàn ṣe bí ẹni pé kò rí wa mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti parí iṣẹ́. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún mi ní ìsàlẹ̀ kí a tó gòkè. Màá mú yín lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti mú lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín tọkàntọkàn.

---

Àǹtí_Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Ọmọ Òkè Ìdànrè, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́ gun òkè yẹn.

---

Tíṣà_Òkè_Àró

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ mi kan wà ní Amẹ́ríkà, mo ti lọ síbẹ̀, mo sì ti rí díẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí ọ̀rọ̀ tí ọmọ Òkè Ìdànrè sọ nìyẹn, n kò ní tún un sọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí SọIyeRẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè ahun. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ọ̀fẹ́ sí kọ́ ni owó ń bẹ nídìí rẹ̀. Ní ìlú New York, ẹgbẹ́ kan wà láti ọdún 1992 tí wọ́n ń pè ní Big Apple Greeter. Àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni, wọ́n á mú àlejò rìn ní àdúgbò tí àwọn fúnra wọn ń gbé. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò, ìlànà wọn ni. Bí èèyàn bá ń fi owó lọ̀ wọ́n, ńṣe ló máa kó ìtìjú bá wọn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ayé báyìí. Bákan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Washington, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń mú èèyàn wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń mú wọn wọlé, owó oṣù wọn ti wà níbẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ dúpẹ́, ó tán.

Nítorí náà, kí èèyàn tó gbéra, kó bi ara rẹ̀ pé: ta ló ń san owó iṣẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó máa mú mi rìn yìí? Bó bá jẹ́ ìjọba tàbí ẹgbẹ́, ẹ fọwọ́ yín sápò. Bó bá jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé ẹ̀yin ni ọ̀gá rẹ̀ fún wákàtí méjì àbọ̀ yẹn.

Àṣà ìlú sì yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ fàyè gbà á kí wọ́n máa san dọ́là 2.13 péré fún agbáwo ní wákàtí kan, bí ohun tí oníbàárà ń fún un bá lè mú un dé iye tí òfin là sílẹ̀. Láti ọdún 1991 ni dọ́là 2.13 yẹn ti wà, wọn ò yí i padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń retí ìdá kan nínú márùn-ún owó oúnjẹ lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ẹ wá dé Jàpáànù, kí ẹ fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí agbáwo bá sáré tẹ̀ lé yín kó lè dá a padà, á rò pé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni. Ìlú tí a bá dé, ìṣe wọn là á bá wọn ṣe.

---

Màmá_Ìjàpò

Ẹ ṣé gan-an, pàápàá Àbẹ̀kẹ́ àti Bàbá Tíṣà. Mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ Òkè Ìdànrè sókè kí ọkọ mi gbọ́, ó dákẹ́, ó ní kí n tún apá ibi tí màmá yẹn ti dìde kà.

Ẹ jẹ́ kí n bèèrè èyí tó kù. Ọmọ mi kékeré kì í lè rìn jìnnà. Bó bá rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan tí a ní láti padà sílé ńkọ́? Ṣé a ṣì ní láti fún amọ̀nà ní nǹkan? Àti pé àbúrò ọkọ mi kọ orúkọ èèyàn mẹ́fà sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lè wá, wọ́n sì lè má wá. Ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀? Ṣé káàdì ni ká lò àbí owó ọwọ́?

---

Ìṣọ̀lá_FUTA

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn àwọn tí mo mọ̀ mà. FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ni mo ti jáde, mo wá lọ kàwé sí i ní Yúróòpù pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Owó tó ń wọlé fún mi kò ju owó ilé àti oúnjẹ lọ, síbẹ̀ mo fẹ́ mọ ìlú.

Ní Prague, mo lọ bá amọ̀nà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ohun tí mo lè fún yín kò pọ̀." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá dúró sí iwájú kí n lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tó parí mo fún un ní 100 kórúnà, ìyẹn bíi Yúrò 4, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rí ọkùnrin kan lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ rẹ̀ dára, kámẹ́rà ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti bèèrè ìbéèrè ju gbogbo wa lọ. Bó ṣe di ìparí, ó tú gbogbo owó ẹyọ tó wà ní ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀ sínú fìlà amọ̀nà, ti Pólàǹdì, ti Họ́ńgárì, ti Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ lọ́kan-ò-jọ̀kan. Ó dún gan-an nínú fìlà yẹn. Kò sí ibi ìpàrọ̀ owó tó sábà máa ń gba owó ẹyọ ilẹ̀ òkèèrè, bébà nìkan ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà amọ̀nà gba irin lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ jọ̀ọ́, owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ fún wọn, kó sì jẹ́ bébà.

Ti ká kúrò lójijì, mi ò rò pé ó burú bí ọmọ bá ti rẹ̀. Ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń ti ibì kan lọ sí ibòmíràn, kì í ṣe ìgbà tí amọ̀nà bá wà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ sọ fún un pé ọmọ ti rẹ̀, ẹ fi ohun tó bá ìwọ̀n ìrìn yín mu sí i lọ́wọ́, ẹ máa lọ. Àwọn tó máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni tó fẹ́ wo ìsọ̀, tí wọn kì í padà wá mọ́, gbogbo ojú ló ń rí wọn.

---

Àbẹ̀kẹ́_Berlin

Ìṣọ̀lá ti dáhùn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti mẹ́fà yẹn kún un, nítorí ó jẹ mí lógún.

Ẹ bẹ àbúrò ọkọ yín kó dín orúkọ yẹn kù sí mẹ́rin lónìí. Àwọn ojú-òpó kan wà tó jẹ́ pé iye orúkọ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń bá amọ̀nà ṣírò, ẹni tí kò bá sì wá, amọ̀nà ní láti fúnra rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún wọn kí wọ́n má bàa yọ owó rẹ̀. Àyè kì í sì í ṣe aláìlópin. Ní Venice, láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni ìjọba ìlú ti ní kí amọ̀nà kan má kó ju èèyàn 25 lọ. Bí méjì bá gba àyè tí wọn ò wá, méjì mìíràn tí ì bá wá tí ì bá sì fún amọ̀nà ní nǹkan ni wọ́n ti dá padà. Bí àwọn ọ̀rẹ́ yẹn bá ti pinnu, wọ́n á fi orúkọ ara wọn sílẹ̀.

Káàdì: ọ̀pọ̀ amọ̀nà ní Berlin ti ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gba káàdì báyìí, tàbí àmì kan tí ẹ ó fi fóònù yà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Káàdì Nàìjíríà míì lè kọ̀ ní àkókò tí gbogbo èèyàn ń wò yín. Ẹ mú bébà Yúrò 20 kan àti 5 kan sínú àpò kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ má lọ máa wá ṣéńjì lọ́wọ́ amọ̀nà.

Bó bá sì ṣe dáadáa, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sórí ojú-òpó pẹ̀lú orúkọ tó sọ fún yín. Ìyẹn ń mú àlejò míì wá fún un. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ márùn-ún kì í san owó ilé o, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé owó, kó má rọ́pò rẹ̀.

---

SọIyeRẹ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gbà pé ẹni tó ń rìn yẹn ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kó jẹ láti ibẹ̀. Mi ò lòdì sí ìyẹn mọ́.

Ohun tí mi ò ní gbà ni ilé-iṣẹ́ tó ń kọ òdo sójú ìwé, tó sì ń gba Yúrò 3 lórí orí mi lọ́wọ́ amọ̀nà lẹ́yìn mi. Àwọn ló ti rí owó tiwọn gbà ṣáájú, láì fi ẹsẹ̀ kan òjò. Wọ́n wá fi ìtìjú rẹ̀ sílẹ̀ fún èmi àti amọ̀nà: èmi ń ṣírò nínú ọkàn mi, òun náà ń ṣírò nínú tirẹ̀, ẹni tó jẹ èrè jókòó sí ọ́fíìsì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ ni kó bínú sí.

---

Àbẹ̀kẹ́_Berlin

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn la ti pàdé. Ọ̀rẹ́ mi gan-an ti kúrò lọ́dọ̀ irú wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ló dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n jọ ń bójú tó ojú-òpó wọn, èèyàn tó ń tẹ̀ lé wọn kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá gbà, tiwọn ni. Ẹ lè bi amọ̀nà léèrè láìfi bò: "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ohun tí a bá fún yín?" Inú wọn kì í bí. Àwọn kan á tiẹ̀ dúpẹ́ pé ẹnì kan bèèrè.

---

Ìyá_Alágbàká

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wá sílé díẹ̀. Lásìkò Kérésì, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí òkè òkun máa ń wálé, wọn ò mọ nǹkan kan nípa Àkúrẹ́ ju ilé àǹtí wọn àti òtẹ́ẹ̀lì lọ. Mo fẹ́ máa mú wọn rìn láti Ọjà Ọba dé Ààfin Déjì, kí n sì máa sọ ìtàn fún wọn. Ṣé kí n ní kí wọ́n fún mi ní ohun tó bá wù wọ́n bíi ti àwọn òyìnbó yìí, àbí kí n dá iye lé e?

---

Tíṣà_Òkè_Àró

Ohun rere ni ẹ fẹ́ ṣe yìí. Ààfin àtijọ́ yẹn nìkan, ìtàn inú rẹ̀ kò lè tán ní ọ̀sán kan. Àgbàlá rẹ̀ lé ní 15, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi kálukú wọn ṣe: Ùà Ùbúra wà fún ìbúra nìkan, ti ìkómọ wà lọ́tọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí London tó bá dúró sí àgbàlá tí wọ́n ti ń kó ọmọ ọba jáde, kò ní gbàgbé. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí àwọn ìjòyè tó ń bójú tó ààfin o, kí wọ́n mọ̀ yín, kí wọ́n sọ ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò lè dé. A kì í sì í lọ sí ààfin lọ́wọ́ òfo. Ẹ ka ìyẹn mọ́ ìnáwó yín.

---

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè

Ìyá wa, ẹ dá iye lé e. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Òyìnbó tó bá ti rí "ohun tó bá wù yín" nílùú rẹ̀ ti mọ iye tí wọ́n ń fún amọ̀nà níbẹ̀. Àwọn tiwa nílé níbí kò tíì ní irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn á fún yín ní owó tó pọ̀ jù nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò ó, èkejì á ní ẹ̀gbọ́n òun ni yín, á gbàdúrà fún yín, á wọ mọ́tò. Ẹ kọ iye ti àgbàlagbà, ẹ kọ ti ọmọdé, ẹ sọ pé owó ohun tí a ń mú lọ sí ààfin wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó wá bá yín sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ fi ojú àánú wò ó. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ fi nǹkan lé e lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́.

Bí ọjọ́ bá sún mọ́, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ lórí ojú-òpó yìí. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ méjì ní Ìsìnkàn tó gbọ́ ìtàn Àkúrẹ́ lẹ́nu àwọn bàbá wọn dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara, wọ́n sì ń wá iṣẹ́.